Èwo Nínú Àwọn Ìbejì Ni Omi Kàn?

Bí ẹ bá dé Ìlúpéjú-Èkìtì tí ẹ ń bèèrè Isaac Lánípẹ̀kun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ wò yín sùn-ùn. Ẹ ní Kẹ́hìndé Kápẹ́ńtà lẹ ń wá, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bá kọjá ni yóò gbé yín délé. Isaac ni orúkọ tí wọ́n fún un níbi ìsàmì. Kẹ́hìndé ni orúkọ tó gbé ti ọ̀run bọ̀. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà yunifásítì, ibẹ̀ ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀dì tó bá kàn kì í dún, kì í sì í mì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rà á á gboyè, á lọ sin ìjọba, ẹni tó tà á fún á ṣì máa sùn lórí rẹ̀ fọnfọn.

Àmọ́ ti pákó kọ́ ni ìlú fi mọ̀ ọ́n jù, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òun ni olórí ọ̀dọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà wọn, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí. Ìdáhùn kì í wọ́n ọn lẹ́nu. Ibo ni Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́? Isaac mọ̀ ọ́n. Ṣé àwọn áńgẹ́lì ń jẹun? Ó ní tirẹ̀ láti sọ. Bí ìbéèrè kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, á wo aago, á ní kí ẹnì kan dá orin, àwọn ọ̀dọ́ á sì gbà pé àkókò ló ti lọ.

Ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà kan láti yunifásítì wá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ pé omi tí wọ́n bù sí wọn lórí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ kò já mọ́ nǹkan kan, pé kí wọ́n dìde lọ sódò. Isaac ló dá wọn lóhùn. Ó lu tábìlì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bí èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sàmì fún un, ẹni tó bá lọ tún un gbà ń pe Ọlọ́run ní onígbàgbé ni. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba odò mọ́.

Irú nǹkan báyìí ló mú kí Fíkà Ọláyíwọlá, àlùfáà ìjọ náà, fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n sọ ọ́ di lérídà. Lérídà á máa wọ aṣọ funfun lé aṣọ dúdú lórí, á máa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, á sì máa wàásù lọ́jọ́ tí Fíkà bá lọ sí ìjọ mìíràn. Ìdílé Lánípẹ̀kun kò ní irú rẹ̀ rí. Kí Bíṣọ́ọ̀bù tó fèsì rárá ni ìyá Isaac ti rán aṣọ dúdú náà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyá yìí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ló kù. Táyé, tí orúkọ ìsàmì rẹ̀ ń jẹ́ Simeon, gìrì ló pa á kí àwọn méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Àwọn èèyàn ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó tu ìyá náà nínú kọ́ nìyẹn. Fíkà tó wà níjọ nígbà yẹn le koko. Ọmọ tí kò bá gba ìsàmì kó tó kú, kò ní wọ aṣọ àlùfáà sin ín, kò sì ní jẹ́ kí agogo dún. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọmọ aládùúgbò wọn kú láìgba ìsàmì. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ní ti Táyé, agogo dún. Àwọn akọrin kọrin. Fíkà fúnra rẹ̀ gbọ́wọ́ lé pósí kékeré náà, ó ní ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn Kristi ló sùn síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí ti ń fi agogo yẹn ṣe ìrọ̀rí.

Ọ̀dọ̀ Fìyìnfólúwa ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni, ọmọ Òmù-Èkìtì tó ń kàwé ní yunifásítì. Ó fẹ́ ṣe bánà ńlá fún ọjọ́ tí Isaac máa di lérídà, ó wá lọ fi fóònù ya àwọn àwòrán àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ọmọ náà kò ní èrò ibi kan lọ́kàn. Ó kàn lójú tó ń ríran ni.

"Bùròdá Isaac, ẹ fi pákó yẹn sílẹ̀ ná, sà. Ẹ wá wo nǹkan."

Isaac nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Àwòrán ìsàmì àwọn ìbejì ni. Nínú èkíní, Màmá Florence, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ìyá ìsàmì fún àwọn méjèèjì, gbé ọmọ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi, Fíkà àtijọ́ ń bomi sí ọmọ náà lórí, bàbá ìsàmì Táyé sì dúró tì wọ́n. Nínú èkejì, Màmá Florence náà ni, Fíkà náà ni, ọpọ́n náà ni, àmọ́ bàbá ìsàmì Kẹ́hìndé ló dúró báyìí.

"Ara ògiri ìyá mi ni àwọn àwòrán yìí wà láti kékeré mi," Isaac wí.

"Ẹ wo iwájú orí ọmọ yẹn." Fìyìnfólúwa fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. Pílásítà kékeré kan wà lókè ojú ọmọ náà lápá ọ̀tún, ó wọ́ díẹ̀. Ó ṣí èkejì. Pílásítà wà níbẹ̀, lókè ojú ọ̀tún, ó wọ́ bákan náà.

Isaac rẹ́rìn-ín. "Ìbejì ni wá. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún ìkejì."

"Ẹ wo ẹ̀kẹta, sà."

Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n ti délé, wọ́n ti ṣí fìlà lórí àwọn ọmọ, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí itan ìyá wọn nínú aṣọ kan náà. Ọ̀kan ní pílásítà. Ìkejì kò ní, iwájú orí rẹ̀ ń dán.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Isaac. Ọmọ kan náà ni wọ́n gbé lọ síbi ọpọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Omi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ ọ́ ní Simeon, wọ́n tún sọ ọ́ ní Isaac. Ìkejì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, omi kò kàn án rárá.

"Èwo nínú yín ló ní pílásítà, sà?"

Isaac wo aago.

Kò fọwọ́ kan pákó mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba Ìlúpéjú lọ, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí níwájú ilé.

"Yèyé, ta ni wọ́n lẹ pílásítà mọ́ níwájú orí nínú àwa méjèèjì, lọ́jọ́ ìsàmì?"

"Ùwọ ni!" Ẹ̀rín gba ojú ìyá náà kan. "Ùwọ ni, Kẹ́hìndé. Mi ọ̀ jẹ́ gbàgbé ẹ̀ láéláé. Eéwo yọ sí ọ lórí, ẹkún rẹ ò jẹ́ kí ará ulé sùn. Èmi mo fọwọ́ ara mi lẹ pílásítà ọ̀ún."

Ara tu Isaac pẹ̀sẹ̀. Omi ti kàn án, àní ó kàn án jù. Ibẹ̀ ni ì bá dúró sí. Ì bá wọlé lọ jẹun, kó sọ fún Fìyìnfólúwa pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ṣàlàyé, ẹnu rẹ̀ kì í gbélé. Ó mú fóònù jáde, ó fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han ìyá rẹ̀, ó tò ó fún un bí ẹni ń kọ́ kíláàsì.

Ìyá Ìbejì wo èkíní, ó wo èkejì.

"Bó bá jẹ́ ùwọ ni wọ́n gbé lọ lẹ́ẹ̀mejì," ó wí, "Táyé mi ńkọ́?"

Isaac na ọwọ́ gba fóònù náà padà.

"Agogo tí wọ́n lù ńkọ́? Ṣé irọ́ ni wọ́n fi agogo pa fún mi?"

Ẹ̀rù ba Isaac. Ohun tó fi ń yọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ló ti gba ìrọ̀rí lábẹ́ orí ìyá rẹ̀ yìí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Isaac, ó ti wé gèlè. "Mo ti rántí," ó ní. "Táyé ni eéwo yọ sí lórí. Táyé ni. Ùwọ, ara rẹ mọ́ tónítóní ugbà yẹn. Àgbà ló ń dé sí mi, ọmọ mi. Má ka ọ̀rọ̀ àná sí."

Ẹ gbà mí, èwo ni kí ọmọ èèyàn gbà gbọ́? Ti àná ni obìnrin náà sọ kó tó mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè, ó yẹ kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà yìí, kò sí ọjọ́ tí kì í fi orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pe òmíràn, á sì tún bínú pé wọn kò jẹ́ òun. Isaac wo ojú rẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Isaac ní òun ti gbọ́, mà.

Ó gba ilé Màmá Florence lọ. Màmá Florence ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ọmọ méjì ni mo gbé," ó ní. "Mo gbé ọ̀kan, mo dá a padà, mo tún lọ gbé ọ̀kan."

"Ọ̀kan wo lẹ tún gbé, mà?"

"Ọ̀kan tí uyá rẹ nà sí mi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí, ó ń fún yín lọ́mú, fìlà bò yín lójú. Ẹ jọra bí ẹ̀pà."

"Nígbà tí wọ́n wá ṣí fìlà lójú ọpọ́n omi, ẹ ò rí pílásítà lẹ́ẹ̀mejì?"

Màmá Florence gbé ojú sókè, ìbínú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Ojú Fíkà ni mò ń wò. Ta ló ráyè wo ojú ọmọ níwájú Fíkà yẹn?"

Isaac ràn án lọ́wọ́ bó ẹ̀gúsí díẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹni mẹ́rin kì í pẹ́ dé etí ìlú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, orí Wọ́sáàpù wọn ti gbóná. Ẹnì kan ní kí Bùròdá Isaac yáa lọ wẹ̀ lódò kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹlòmíràn ní ṣebí òun ló ní ẹni tó bá tún un gbà ń pe Ọlọ́run ní onígbàgbé. Ẹnì kan tún béèrè bóyá àwọn ọmọ tí Bùròdá Isaac jẹ́ bàbá ìsàmì fún náà máa tún tiwọn ṣe ni. Isaac ka gbogbo rẹ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ti ń jẹ oúnjẹ Olúwa láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí omi kò bá kàn án, kí ló ti ń ṣe níbi tábìlì náà láti ọdún wọ̀nyí?

Ó kúnlẹ̀ ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà náà kọ̀, kò gbọ́nà kan lọ. Bó bá ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ òun ni omi kàn, arákùnrin rẹ̀ ló ń yọ kúrò. Bó bá ní kó jẹ́ Táyé, òun gan-an wá jẹ́ kí ni? Àti pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́, àdúrà wo lèèyàn ń gbà lé e lórí? Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀ láìṣe àmín.

Fíkà Ọláyíwọlá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìjọ ti rò ó ṣáájú wa pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀," ó ní. "Bí a kò bá dájú lórí ẹnì kan, a máa ń sọ fún Ọlọ́run pé a kò dájú. A óò ní: bí kò bá tíì gbà á, kó gbà á báyìí. Bó bá ti gbà á, a kò tún nǹkan kan ṣe. Àwa ló rú lójú, kò rú Ọlọ́run lójú."

Ó dùn mọ́ Isaac. Ó sáré lọ mú ìyá rẹ̀ wá kó wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ, ó sì ní kí Fíkà má bínú, òun ní ìbéèrè.

"Bí ẹ bá fi iyèméjì sí ti Kẹ́hìndé, sà, ṣé ẹ ò ti fi iyèméjì sí ti Táyé náà?"

Fíkà fà sún mọ́ ọn. Ó sọ fún un pé omi kò so Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní olè tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù kò rí omi kankan, ó sì bá Jésù délé. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àánú Ọlọ́run ló gbé e lọ. Ó sọ ọ́ dáadáa, tìfẹ́tìfẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà," Ìyá Ìbejì wí. "Fíkà ayé ugbà yẹn, ṣé kò mọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ sọ yìí ni? Kí ló wá dé tí kò jẹ́ kí agogo dún fún ọmọ aládùúgbò mi?"

Fíkà wo ilẹ̀, ó tún wo Isaac. Kí Isaac má purọ́, ó ti retí pé Fíkà á wo aago tirẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Fíkà fa Isaac sẹ́yìn. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé fún ètò lérídà rẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi yóò bi ọ́ níwájú ìjọ bóyá o ti gba ìsàmì rí. Bó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní fọwọ́ kan omi. Bó o bá ní o kò mọ̀, màá fi iyèméjì náà síbẹ̀, nítorí òótọ́ nìyẹn. Bó o bá ní rárá, màá ṣe é gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí kò gbà á rí. Ẹnu rẹ ni mò ń wò, Isaac. Mi ò lè bá ọ dáhùn."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àwọn ọ̀dọ́ kún àga iwájú, Fìyìnfólúwa kò lè gbójú sókè nítorí ó gbà pé òun lòun fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe ọpọ́n ìsàmì náà fún, ó kúrú, nítorí náà kí kápẹ́ńtà tó ga bí òpó yìí tó lè tẹrí sí i, ó ní láti kúnlẹ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ìyá ọmọ náà sì gbá a lórí.

"Isaac Kẹ́hìndé Lánípẹ̀kun," Fíkà pè é, "ǹjẹ́ ìwọ ti gba ìsàmì rí?"

Ẹni tí ìdáhùn kì í wọ́n lẹ́nu kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, pé òun kò mọ̀. Òun ló ti kọ́ gbogbo àwọn ọmọ tó ń wò ó yìí pé kí wọ́n má purọ́, pàápàá nínú ilé Ọlọ́run. Ó fẹ́ sọ òótọ́ náà. Ó yíjú, ó rí ìyá rẹ̀ lórí àga kejì, ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di igi àga iwájú rẹ̀ mú, ó di ojú pinpin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́.

"Rárá, sà," Isaac wí. "Omi kò kàn mí rí. Ti Táyé ni omi ọjọ́ yẹn."

Fíkà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó bù ú sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, kò fi iyèméjì kankan sí i. Omi náà tutù, ó gba ọrùn Isaac wọ inú ẹ̀wù. Nínú gbogbo ohun tó ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé èèyàn máa ń mọ̀ lára nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ ọ̀kan. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Kò dúró gba ìkíni. Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ délé, ìyá náà jókòó síwájú ilé, ó ń tú gèlè.

"Yèyé, mo ti sọ ohun tí mi ò mọ̀ níwájú Ọlọ́run. Bóyá irọ́ ni mo pa. Bóyá omi méjì ti kàn mí rí, tí mo tún lọ gba ẹ̀kẹta. Mi ò mọ ohun tí mo jẹ́ mọ́."

Ìyá Ìbejì ká gèlè náà sórí itan rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ọ̀ mọ̀," ó ní. "Èmi náà, mi ọ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí o bi mí, ọkàn mi ní ùwọ ni. Ilẹ̀ mọ́, ọkàn kan náà ní Táyé ni. Mi ọ̀ lè gba ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì."

"Kí ni mo wá ṣe níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mà?"

"O gbé tìrẹ fún Táyé."

Isaac jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ṣì ń kán omi. Ìyá náà fi gèlè nù ún lórí gbẹ, díẹ̀díẹ̀, dé ẹ̀yìn etí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìbejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é bí ìyá rẹ̀ ti pè é nísinsìnyí.

"Ẹ̀gbọ́n Táyé," ó ní, "dìde, lọ bọ́ ẹ̀wù tó tutù yẹn."